Àpá Wíwú Lára Ìyá Ọlọ́mọ, àti Oògùn Tí A Fi Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ní Èjìgbò, agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, ìpínlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ aboyún tàbí ti oògùn ibà tí ẹ ti máa ń gbọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ àpá ni: àpá tí ó kọ̀ tí kò rọlẹ̀, tí ó ń wú, tí ó ń yún ni, tí ó sì ń ta ni bí ẹni pé ẹ̀gún wà nínú rẹ̀.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ àpá wọ inú ìwé ìtọ́jú aboyún? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n ń bẹ̀rù àpá ju bí wọ́n ti ń bẹ̀rù ọ̀bẹ lọ. Bí dókítà bá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni a ó fi gbẹ̀bí rẹ̀ nítorí pé ọmọ dábùú tàbí pé ibi ọmọ ń dí ọ̀nà, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àpá ti ìṣáájú, èyí tí ó wú bí ìka ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Òmíràn a dìde, a kó ẹrù rẹ̀, a lọ sí ibi tí wọn kò ti ní ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára, tí wọn kò sì ní dókítà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀mí méjì wéwu nítorí àpá. Bẹ́ẹ̀ ni àpá yìí sì ní ìtọ́jú, bí a bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe é àti ìgbà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí í ṣe. Bí ara ènìyàn bá bó, tàbí tí ọ̀bẹ gé e, tàbí tí iná jó o, ara a máa hun fọ́nrán tuntun láti fi dí ojú ọgbẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí aránṣọ bá ń lẹ aṣọ tí ó ya. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe fọ́nrán náà ni kólájẹ̀n. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti dí, ó yẹ kí iṣẹ́ ìhunṣọ náà dáwọ́ dúró. Lára àwọn ẹlòmíràn kì í dúró. Aránṣọ náà ń lẹ aṣọ lọ, ó ń lẹ lé ibi tí kò ya, títí tí aṣọ yóò fi di òkìtì.

Oríṣi méjì ni àpá tí ó bá ga. Èkíní ni èyí tí ó ga ṣùgbọ́n tí kò kọjá ojú ọgbẹ́ tí ó bí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọgbẹ́ bá jinná ni irú èyí máa ń yọ, ó sì lè fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Èkejì ni èyí tí a ń pè ní kílọ́ìdì. Òun a máa kọjá ojú ọgbẹ́, a máa nawọ́ sí ara tí ohunkóhun kò ṣe. Ó lè jẹ́ pé oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, tàbí ọdún kan lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná ni yóò tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń polówó rẹ̀ lọ́jà pé ó wo kílọ́ìdì sàn, àpá ti irú kìíní ni wọ́n fi pa, èyí tí ì bá rọlẹ̀ náà bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fi nǹkan kan kàn án.

Ibi tí kílọ́ìdì fẹ́ràn lára ni ìsàlẹ̀ etí, àyà, èjìká, apá òkè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ọrùn, àti ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí i ní àtẹ́lẹwọ́, ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ní ìpéǹpéjú. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń ṣe jù. A máa tẹ̀lé ìran, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè ní in. Àárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún ni ó sì ń yọ jù lọ, èyí tí í ṣe ìgbà gan-an tí àwọn obìnrin wa ń lóyún tí wọ́n sì ń bímọ.

Kì í ṣe àìsàn tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi hàn wá. Ní ọdún 1973, Dókítà Omo-Dare, oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Èkó, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà pé àwọn Yorùbá ti mọ kílọ́ìdì, wọ́n sì ti fi ìmọ̀ wọn nípa rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ ọnà wọn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Yúróòpù tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Dókítà Oluwasanmi ti Ìbàdàn náà kọ̀wé lórí kílọ́ìdì lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Alibert ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn ará tirẹ̀ ní ọdún 1806. Ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ tí ó fara jọ ti jẹjẹrẹ. Ìgbà tí ó yá, ó yí orúkọ náà padà kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé jẹjẹrẹ ni, ó sì fi í wé èékánná alákàn, nítorí bí ó ti ń na ọwọ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì. Àwa náà ń sọ fún yín pé kílọ́ìdì kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í ràn. Ọmọ tí ń mu ọmú kò lè kó o lára ìyá rẹ̀, ọkọ kò sì lè kó o lára ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọwọ́ ayé ni, tàbí pé ẹ jẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ jẹ nígbà tí ọgbẹ́ wà lára yín, ẹ dákẹ́ kí ẹ sì máa wò ó ní ẹnu.

Nísinsìnyí, oyún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó máa ń ṣàkíyèsí pé àpá tí ó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn tí ó sì ń wú sí i bí oyún ti ń dàgbà. Bí ara aboyún ti ń pèsè ohun tí ọmọ yóò fi dàgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i ní awọ ara, tí omi ara tí ń darí oyún sì ń ru àpá náà sókè. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fi èékánná họ ọ́. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí ẹ bá wá fún ìtọ́jú aboyún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ó sọ fún yín pé kí ẹ mú sùúrù títí ẹ ó fi bímọ, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọ̀rọ̀ oògùn. Oògùn tí àwọn dókítà ń lò jù lọ fún kílọ́ìdì ni abẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ triamcinolone. Ó wà nínú ẹbí àwọn oògùn tí a ń pè ní steroid, láti bíi ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n sì ti ń lò ó fún àpá. Kì í ṣe ìdí tàbí apá ni wọ́n ń gún un sí bí abẹ́rẹ́ ibà. Inú àpá náà gan-an ni wọ́n ń gún un sí, díẹ̀díẹ̀, láti ibì kan dé ibòmíràn. Agbára rẹ̀ a máa wà láàárín mìlígíráàmù 10 sí 40 nínú mìlílítà kan. Dókítà ni yóò yan èyí tí ó tọ́, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àpá náà wà àti bí ó ti le tó. Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe ni pé ó ń sọ fún aránṣọ inú ara pé kí ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kólájẹ̀n tuntun a dínkù, wíwú a rọ̀, yíyún a sì lọ. Yíyún yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé bí àpá náà kò bá tilẹ̀ kéré sí i, ó tó àwọn pé àwọn rí oorun sùn.

Abẹ́rẹ́ kan kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó máa ń wà láàárín èkíní àti èkejì, wọ́n sì lè gún un ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí. Wọn a gba abẹ́rẹ́ kan, wọn a rí i pé àpá rọ̀, wọn a sì di àwátì. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹfà, àpá náà ti padà sí ipò rẹ̀, wọn a ní oògùn náà kò dára. Abẹ́rẹ́ yìí a máa dùn ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Inú àpá le bí rọ́bà, oògùn kò sì rọrùn láti wọ inú rẹ̀. Ẹ lè béèrè bóyá wọn yóò fi oògùn ìpaniníyè sí i kí ó lè rọrùn díẹ̀.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Nínú àwọn ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ti ṣe ní oríṣiríṣi ilẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dé àyè kan fún ènìyàn 50 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Àpá náà sì tún padà wú lára ènìyàn 9 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé àlàfo tí ó wà nínú iye wọ̀nyí gbòòrò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí dókítà kan tí ó lè ṣèlérí fún yín pé àpá yóò lọ pátápátá. Ẹni tí ó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, owó yín ni ó ń wò.

Ó ní ohun tí ó lè fi sílẹ̀ lára. Ojú ibi tí wọ́n gún lè funfun ju ara yòókù lọ, èyí sì máa ń hàn púpọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Awọ ara lè fẹ́lẹ́, ó lè bọ́ sínú bí ihò kékeré, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì lè fara hàn. Nǹkan oṣù lè sé tàbí kí ó yí ìgbà padà fún ìwọ̀nba oṣù. Lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fa oògùn sínú sírínjì.

Oògùn kejì ni 5-fluorouracil. Oògùn jẹjẹrẹ ni í ṣe, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń fi ìwọ̀nba rẹ̀ gún inú àpá tí ó bá kọ̀ fún èyí tí a kọ́kọ́ sọ, wọ́n sì sábà máa ń pò ó pọ̀ mọ́ triamcinolone. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwọn kan. Bleomycin náà wà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni nínú iṣẹ́. Èyí tí ó kan ẹ̀yin ìyá nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni pé a kò gbọdọ̀ gún wọn fún aboyún, a kò sì gbọdọ̀ gún wọn fún ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ohun tí oògùn méjèèjì ń ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kí ara bí sí i. Ohun tí ọmọ inú sì ń ṣe ní gbogbo ìgbà ni bíbí sí i. Ẹ̀yin fúnra yín rí i pé wọn kò lè gbé pọ̀. Bí ẹ bá ń gba ọ̀kan nínú wọn, ẹ lo ìfètò-sọ́mọ-bíbí títí tí ìtọ́jú yóò fi parí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà iye oṣù tí ẹ ó fi dúró kí ẹ tó lóyún. Bí nǹkan oṣù yín bá sì ti pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ bi yín.

Ti triamcinolone nínú oyún ńkọ́? Òun kò le tó ti àwọn méjì yẹn, síbẹ̀ àwọn dókítà a máa fẹ́ kí a dúró. Kílọ́ìdì kì í pa ènìyàn, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa gún ọmọ inú ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí ohun tí ó lè dúró de oṣù díẹ̀. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lè gbà á bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀, wàrà lè dínkù fún ìgbà díẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì kéré tí ọmú nìkan ni ó ń mu, èrò tiwa ni pé kí ìyá fi rọ́bà sílíkóònù ṣe ìtọ́jú náà ná.

Kí ni rọ́bà sílíkóònù? Abala pẹlẹbẹ kan ni, ó rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Láti bíi ọdún 1983 ni àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí iná jó ti ń lò ó. Kò sí oògùn kan nínú rẹ̀ tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò ní ewu fún oyún tàbí fún ọmú. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti dí pátápátá, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ó kéré tán, wákàtí méjìlá ni yóò fi wà lára lójúmọ́, fún oṣù méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó máa fọ̀ ọ́, a ó sì máa fọ ara pẹ̀lú. Ooru Èkó kì í jẹ́ kí ó rọrùn, nítorí òógùn a máa mú un ṣí, ara a sì máa yún. Ẹni tí kò bá lè fara dà á lè lo èyí tí ó dà bí ìpara, tí a fi ń pa ojú àpá tí yóò sì gbẹ. Ó wúlò jù fún dídènà àpá wíwú ju fún títọ́jú kílọ́ìdì tí ó ti di àgbà lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n kò pani lára, ìyẹn sì jẹ́ ohun kan.

Ẹ óò wá bi mí pé, kí ló dé tí dókítà kò kàn ní gé e sọnù? A gbọ́. Bí a bá gé kílọ́ìdì láìfi ohun mìíràn tì í lẹ́yìn, ọgbẹ́ tuntun ni a dá sí ara tí kò mọ bí a ti ń dáwọ́ ìhunṣọ dúró. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n gé e fún báyìí, láàárín 45 sí 100 ni ó tún hù fún, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí ni ó fà á tí dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò fi gé e, tí yóò sì tún gún ojú rẹ̀ ní triamcinolone léraléra lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ ti etí, wọ́n lè fún un ní yẹtí tí ń tẹ etí mọ́lẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè fi ìtànṣán sí i láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí wọ́n gé e. A kò gbọdọ̀ lo ìtànṣán yìí fún aboyún. Fífi òtútù gidi pa àpá náà wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń sọ awọ dúdú di funfun.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú yìí ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe dókítà, ẹni tí ń ṣe èékánná àti irun kì í sì í ṣe dókítà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò gún àpá yín ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ kò mọ oògùn tí ó wà nínú sírínjì náà, ẹ kò mọ agbára rẹ̀, ẹ kò sì mọ ara ta ni abẹ́rẹ́ náà ti kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ásíìdì tàbí nǹkan gbígbóná jó o, nítorí pé ọgbẹ́ iná lórí kílọ́ìdì dà bí ẹni fi epo paná. Ìpara steroid tí àwọn kan ń rà lọ́jà láti fi bóra kì í wọ inú kílọ́ìdì débi tí yóò fi rọ̀ ọ́. Ara yòókù tí ó bá kàn ni ó ń bàjẹ́.

Ní ti ẹni tí a bá sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ni a ó fi gbẹ̀bí rẹ̀: ẹ sọ fún dókítà ṣáájú pé àpá máa ń wú lára yín, ẹ sì fi èyí tí ó wà lára hàn án. Kò ní torí rẹ̀ kọ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ohun tí yóò ṣe ni pé bí ó bá ṣeé ṣe, yóò gba ìbú ìsàlẹ̀ ikùn gé e, níbi tí ara kì í ti fà púpọ̀, dípò kí ó là á lóòró láti ìdodo. Bí àpá àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ó lè gba ojú rẹ̀ wọlé, kí ó sì gé èyí tí ó wú kúrò kí ó tó ran án, kí àpá má baà di méjì. Yóò sì ṣètò abẹ́rẹ́ tàbí sílíkóònù fún yín lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà yìí, tí àpá rẹ̀ wú, tí ó sì tún lóyún. Bí ó bá sọ ọ́ ní oṣù kẹrin, àyè wà láti mú un mọ dókítà tí ń tọ́jú àpá kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Bí ó bá jẹ́ ojú tábìlì ni ó ti sọ ọ́, ọmọ ni a ó kọ́kọ́ gbé jáde.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìmọ́tótó ojú ọgbẹ́ ni olórí. Ọgbẹ́ tí ó bá kẹ̀ ni àpá rẹ̀ máa ń wú jù. Bí ó bá ń ṣe omi, tí ó ń rùn, tí ó pọ́n, tàbí tí ibà bá mú yín, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì.

Mo sì fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà tí ń wẹ abiyamọ gbọ́ èyí. A mọ rírì yín. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń hó tí a fi ń jó ikùn abiyamọ ti bó ọ̀pọ̀ obìnrin lára, àpá iná sì wà nínú èyí tí ó máa ń wú jù lọ. Omi tí ọwọ́ yín lè wà nínú rẹ̀ láìsí ìnira ti tó. Kí ẹ má sì tẹ ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó epo sí ní Èjìgbò níbí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ bí a bá ní kí ẹ má tọ́jú bẹntiróòlù sínú ilé tí iná ìdáná wà.

Ọmọ náà ńkọ́? Bí ìyá tàbí bàbá bá ní kílọ́ìdì, ẹ lu etí ọmọbìnrin yín ní kékeré tàbí kí ẹ má lù ú mọ́. Ní ọdún 2005, ìwé ìròyìn Pediatrics ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kékeré kan jáde lórí aláìsàn 32 tí wọ́n ní kílọ́ìdì. Nínú àwọn tí wọ́n lu etí wọn nígbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni etí wọn wú. Nínú àwọn tí wọ́n lù ú ṣáájú ìgbà náà, kò ju bíi 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àṣà wa tí a fi ń lu etí ọmọ jòjòló kò burú nígbà náà, bí abẹ́rẹ́ tí a fi lù ú bá mọ́. Èyí tí ó burú ni etí kejì àti ẹ̀kẹta tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń lu sí òkè etí wọn ní ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Abẹ́rẹ́ BCG tí a ń gún ọmọ ní apá òsì nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé a máa fi àpá kékeré sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi oògùn sí i, ẹ má sì torí àpá kọ abẹ́rẹ́ náà, nítorí ikọ́ ife ń pa ọmọdé. Ilà ojú kíkọ fún ọmọ ti di èèwọ̀ nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007. Gbẹ́rẹ́ náà wà nínú ohun tí ń fa kílọ́ìdì, nítorí pé ojú ọ̀bẹ kan ló ń dá ọgbẹ́ ogún. Ní ti dídá abẹ́ ọmọbìnrin, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Àpá ibẹ̀ a máa wú bí ti ibòmíràn, a máa dí ojú ara, àgàgà nígbà tí ọmọ náà bá di ìyá, tí orí ọmọ sì ń bọ̀ tí ojú ara kò lè là. A ti rí èyí tí ó fàya títí dé ìdí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fètò sí ọmọ bíbí lè gba èyí tí a ń fi sí abẹ́ awọ apá, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé àpá rẹ̀ máa ń wú, nítorí pé a ó la apá rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Èyí tí a ń fi sí inú ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró kì í dá ọgbẹ́ sí ara bẹ́ẹ̀.

Láti Èjìgbò, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ yín jù, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀. Bí ó bá yẹ, wọn yóò darí yín lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tàbí ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn dókítà awọ ara àti àwọn tí ń tún ara ṣe wà. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì náà ní ẹ̀ka fún àwọn tí iná jó. Ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ kan kọ́ ni ẹ ó san. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ètò Ìlera Èkó, ẹ béèrè ohun tí ètò náà yóò gbà fún yín.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì aboyún tàbí káàdì ọmọ dání. Ẹ sọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín wá gbẹ̀yìn, bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, oògùn tí ẹ ń lò, àti ohun tí ẹnikẹ́ni ti gún sínú àpá náà rí, ì báà jẹ́ ní kọ̀rọ̀.